Orúkọ Kan Láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Vancouver

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ bàálù. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1990 ni. Mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà nígbà náà, lẹ́yìn ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìpájà àti Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹni tó bá ti gbé àdúgbò wa rí mọ̀ pé bàálù kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbéra ní Ìkẹjà, orí òrùlé wa ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà kọjá. Bí ọ̀kan bá ń kọjá nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ, màá dákẹ́, màá di ṣọ́ọ̀kì mi mú títí ariwo rẹ̀ yóò fi jìnnà. Àwọn ọmọ a sì máa juwọ́ sí i lójú fèrèsé. N kò dá wọn lẹ́kun rí. Ìgbà tí èmi fúnra mi jókòó sínú rẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ẹni tó wà lókè kò lè rí ọwọ́ kankan.

Kọ́lá, àkọ́bí wa, ló ń gbé ní Vancouver, ìlú kan létí òkun ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà. Ṣadé ìyàwó rẹ̀ lóyún, a sì ti ṣètò pé n óò lọ bá wọn wẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò dúró de ètò wa. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, Alhaja, aládùúgbò wa tó ní tẹlifóònù, ń sáré bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, gèlè rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìyá Kọ́lá! Ẹ jáde! Ṣadé ti bímọ! Ọkùnrin ni!"

Bí a ṣe ń jó ni mo ń ṣírò. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n bí i, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni yóò pé ọjọ́ kẹjọ. Ó di dandan kí n débẹ̀ kí ọjọ́ ìkómọ tó kọjá, nítorí ọwọ́ mi ni orúkọ ọmọ wà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí dáadáa, nítorí òun ló fa gbogbo ìrìn-àjò náà.

Ará Èkìtì ni ọkọ mi. Ní agbo ilé wọn, bàbá tó bí bàbá ọmọ ló ń sọ orúkọ àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ kí ọjọ́ náà tó pé. Etí ọmọ ni wọ́n ń sọ ọ́ sí kí àwọn àgbà tó gbọ́. Bí ọjọ́ kẹjọ bá sì kọjá láìsọ ọ́, ẹlòmíràn lè fún ọmọ ní orúkọ tó bá wù ú, ti bàbá àgbà á sì di orúkọ ẹ̀yìn. Bàbá Kọ́lá kò lè rìnrìn-àjò, nítorí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láti ọdún tó ṣáájú. Ó ní kí n sún mọ́ òun, ó sì sọ orúkọ náà sí mi létí.

"O gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ sí òun náà létí.

"Ó dára. O ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Má sì fi tẹlifóònù sọ ọ́. Ẹnu ènìyàn ni kí o fi gbé e lọ, kì í ṣe wáyà."

"Bí Kọ́lá bá bi mí ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìdajì ẹnu tí àìsàn fi sílẹ̀ fún un. "Ìwọ tí o fi ọgbọ̀n ọdún sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n panu mọ́. Pa tìrẹ náà mọ́."

Lẹ́yìn náà ló bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ fún mi. Ó ní n kò gbọdọ̀ yí i. Bí mo bá ti wò ó, n óò mọ ohun tí òun ń ṣe nílé: ìgbà oògùn, ìgbà àdúrà, ìgbà tí òun bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo so ó mọ́ ọwọ́. Ó tóbi jù mí lọ, ó ń yí bí ẹ̀gbà.

A ní glóòbù àtijọ́ kan nílé. A na òwú ìránṣọ lé e láti Èkó, gba Amsterdam níbi tí n óò ti pààrọ̀ bàálù, dé Vancouver, a sì fi òwú náà wọn ọ̀nà òfurufú láti Èkó dé Máídúgùrì. Máídúgùrì wọ inú rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé òwú náà kò gba àárín òkun lọ bí mo ṣe máa ń fà á lórí máàpù ara ògiri ní kíláàsì. Òkè ló gbà, ó gba orí yìnyín kọjá.

"Òwú yìí ti ṣìnà," ni mo wí.

"Máàpù ara ògiri rẹ ló ṣìnà, tíṣà," ni ọkọ mi wí.

Lókè

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo gbéra. Bí bàálù ṣe gòkè ni mo ń wá iná Ẹ̀gbẹ́dá, ṣùgbọ́n iná kò sí ní Ẹ̀gbẹ́dá lálẹ́ ọjọ́ náà. Òkùnkùn tí mo rí ni mo gbà pé ilé mi ni.

N kò mọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń sùn nínú bàálù. Ọkùnrin tó jókòó nítòsí mi ti ń hanrun kí wọ́n tó gbé oúnjẹ dé. Wọ́n fún wa ní adìyẹ tí kò ní egungun, búrẹ́dì tútù bí ọwọ́ òkú, àti ìwọ̀nba omi tí ẹyẹ lè mu tán. Gbogbo rẹ̀ wà nínú àwo kéékèèké bí ìgbà tí àwọn ọmọbìnrin bá ń ṣeré ìyá-ọlọ́jà. Mo jẹ ẹ́ tán, torí wọn kò kọ́ mi láti fi oúnjẹ ṣòfò.

Orúkọ yẹn ni kò jẹ́ kí n sinmi. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo lè gbàgbé rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti pe rẹ́jísítà fún ọgbọ̀n ọdún mọ bí orúkọ ṣe máa ń wọ inú ara wọn. Mo dìde, mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn tó há bí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì sọ orúkọ náà sí ojú ara mi nínú dígí. Ó wà níbẹ̀. Mo padà sí àyè mi. Kò pẹ́ lọ títí, mo tún dìde. Nígbà kẹta, ọ̀kan nínú àwọn tó ń pín oúnjẹ bi mí bóyá inú ń run mí.

Ìkùukùu ní Amsterdam

A gúnlẹ̀ sí Amsterdam ní kùtùkùtù Ọjọ́rú. Ohun àkọ́kọ́ tí mo wò ni aago ńlá ara ògiri. Mo wo tọwọ́ mi. Ọ̀kan náà ni wọ́n ń sọ! Inú mi dùn gan-an. Mo ní, ṣé ẹ ò rí i, aago Bàbá Kọ́lá mọ ayé. Ayọ̀ yẹn ló ṣì mí lọ́nà nígbẹ̀yìn, ẹ ó sì rí bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n wọ bàálù kejì ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n ìkùukùu funfun bo gbogbo pápá náà, a kò rí bàálù tó wà ní ìsàlẹ̀ fèrèsé, kí á má tíì sọ èyí tó wà lókè. Wọ́n ní kí á máa dúró. A dúró títí. Mo jókòó, mo dìde, mo rìn dé ibi tí wọ́n ti ń ta òdòdó, mo padà. Mo kí ènìyàn mẹ́fà káàárọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló dáhùn, ó sì nawọ́ fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ hàn mí. Kì í ṣe pé wọn kò ní ìwà o. Nígbà tí àpò mi já, àwọn mẹ́ta ló bẹ̀rẹ̀ bá mi ṣà á láìsọ̀rọ̀, wọ́n sì lọ kí n tó dúpẹ́ tán. Tiwọn ni pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń kíni, wọn kì í fi ẹnu kíni.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní ó di ọ̀la. Mo sáré lọ sídìí tẹlifóònù, mo da gbogbo owó ẹyọ tí mo ṣẹ́ sínú rẹ̀.

"Mọ́mì! Níbo lẹ wà?"

"Amsterdam ni mo ṣì wà. Ìkùukùu ni."

"Há! Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ níbí, a ti ń múra àti wá pàdé yín. Ọ̀la ni ìkómọ o, Mọ́mì."

"Mo mọ̀."

"Ìrọ̀lẹ́ la ti sún un sí nítorí yín. Bàbá Adéoyè tó máa bá wa ṣe é ń lọ síṣẹ́ alẹ́, kò lè dúró kọjá ìgbà tí oòrùn bá wọ̀. Mọ́mì, ẹ kúkú sọ orúkọ náà fún mi báyìí."

"Bàbá rẹ ní kí n má fi wáyà sọ ọ́."

"Bàbá ò sí níbí, Mọ́mì. Bí ẹ ò bá dé kí ọjọ́ tó lọ, Tòkunbọ̀ la máa pè é, kí ó parí."

"Kọ́lá, gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ni Tòkunbọ̀."

"Ṣé orúkọ burúkú ni? Ẹ ṣáà sọ ọ́, jàre. Ta ló máa sọ fún wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá?"

Mo la ẹnu. Orúkọ náà ti dé orí ahọ́n mi. Mo rò ó pé ọmọ mi ló ń bẹ̀ mí, pé òkun ló wà láàárín wa, pé Bàbá Kọ́lá kò ní mọ̀. Lẹ́yìn náà mo wo aago tó ń yí lọ́wọ́ mi. Ìgbà oògùn rẹ̀ ló kù díẹ̀ kó tó.

Mo pa ẹnu náà dé. Mo ní, "Mò ń bọ̀." Owó ẹyọ mi tán, ẹ̀rọ náà sì dákẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kéde pé bàálù wa yóò gbéra ní aago mẹ́ta ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, yóò sì lo bíi wákàtí mẹ́wàá. Mo ṣe ìṣirò náà bí mo ṣe máa ń ṣe é lójú bọ́ọ̀dù: aago mẹ́ta ọ̀sán, kí á fi wákàtí mẹ́wàá kún un. Aago kan òru ni, ọjọ́ Ẹtì! Ọjọ́ kẹsàn-án! Kọ́lá ti sọ fún mi pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ wọn nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ́dọ̀ mi. Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìdààmú a máa dá ọ̀rọ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà etí, kò ní jẹ́ kó wọlé.

Orí yìnyín

Ìyá arúgbó kan láti Íńdíà ni wọ́n fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní Ọjọ́bọ̀. Ó fi ìborí funfun bo irun, bàtà rẹ̀ sì wà lábẹ́ àga kí bàálù tó gbéra. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó kí mi láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó wa.

"Ọmọ ọmọ?" ó bi mí, ó ń fi ọwọ́ ṣe bí ẹni gbé ọmọ jó.

"Ọmọ ọmọ," ni mo wí.

"Èmi náà!" Ó gbá mi lọ́wọ́ bí ẹni pé a ti jọ bí ọmọ náà ni. "Orúkọ?"

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu mi. Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, òun náà bo ẹnu tirẹ̀. Ó ṣàlàyé pé tiwọn náà kò tíì ní orúkọ. Wọn yóò kọ́kọ́ ṣí ìwé mímọ́ wọn ní ilé ìsìn kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Mo rò ó nínú ara mi pé, ó mà ga o, mo ti rò pé àwa nìkan la ń fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu.

Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ tútù wọn dé, ó fi ọwọ́ tì í sẹ́yìn, ó tú ìdì kan nínú àpò rẹ̀. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ bí ewé ló wà níbẹ̀, àti máńgòrò dúdú kékeré tí wọ́n fi ata àti òróró pamọ́. Ó fà á ya, ó fún mi láàbọ̀. Ata náà mú omi jáde lójú mi. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Ẹ̀gbẹ́dá, òun ni oúnjẹ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, mo wo ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ funfun ló tẹ́ lọ láìlópin, ó ya bí àwo tó fọ́, kò sí igi, kò sí ilé. Yìnyín ni. Ibi tí òwú wa gbà kọjá lórí glóòbù ni a wà gan-an! Mo tẹ imú mọ́ gíláàsì bí ọmọ kíláàsì kìíní. Bí Bàbá Kọ́lá bá wà níbẹ̀, ìbá ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí a ó fi gúnlẹ̀.

Ṣùgbọ́n aago kò jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀. Ó ti di mẹ́sàn-án alẹ́. Oòrùn sì wà lójú fèrèsé, pupa, ó lọ sílẹ̀, kò sì wọ̀. Mo ní nínú ara mi pé mo ti kọ́ àwọn ọmọ nípa èyí, pé ní òkè ayé lọ́hùn-ún oòrùn lè wà lójú ọ̀run di òru. Tíṣà ti rí ìdáhùn. Mo gbàgbé pé ìgbà ooru wọn nìkan ni ìyẹn ń ṣẹlẹ̀, ìgbà òtútù la sì wà.

Nígbà tí ọwọ́ aago méjèèjì pàdé lókè, tó di agogo méjìlá òru, ọjọ́ kẹjọ tán lọ́wọ́ mi. Omi bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ lójú mi, kì í ṣe ti ata mọ́. Ìyá náà kò bi mí ní ìdí. Ó fa etí ìborí rẹ̀, ó fi nu ojú mi, ó sì di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú aago náà. Oòrùn tí n kò ka sí ṣì ń tàn sí wa lójú.

Etí òkun ìwọ̀-oòrùn

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tú ẹrù mi níbi àyẹ̀wò ní Vancouver. Ó gbé obì sókè, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Kí ni èyí, mà?"

"Ti ìkómọ ni."

Ó sọ fún mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí irú èso bẹ́ẹ̀ wọ ìlú wọn. Ó mú obì àti orógbó. Ó wo iyọ̀ àti ìgò oyin kékeré, ó fi wọ́n sílẹ̀. Mo ní kí ó kó gbogbo rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Kò yé e. Ó kí mi káàbọ̀.

Kọ́lá dúró níwájú àwọn tó ń pàdé èrò, ó sanra, ó dé fìlà onírun. Kí ó tó dọ̀bálẹ̀ tán ni mo ti di ejìká rẹ̀ mú.

"Má bínú sí mi. Sọ fún bàbá rẹ pé mo gbìyànjú. Ṣé Tòkunbọ̀ lẹ sọ ọ́?"

"Mọ́mì, ta la sọ ní kí ni? Ẹ̀yin la ń dúró dè!"

"Ọjọ́ Ẹtì ti dé, Kọ́lá. Wo aago."

Ó wo aago bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó gbá mi mọ́ra, ó yí mi padà sí aago ńlá tó wà lára ògiri. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀.

"Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni, Mọ́mì. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi nílé-ẹ̀kọ́ pé bí a bá ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, aago ń padà sẹ́yìn!"

Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni mo kọ́ ọ. Mo kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù lọ́dọọdún, mo sì máa ń fa ìlà pupa lé ìwé ẹni tó bá kùnà rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì jókòó sínú rẹ̀ rí. Oòrùn tí mo rí lójú fèrèsé kì í ṣe ìyanu òkè ayé. A ń bá a lọ ni, a jọ ń rìn síbi kan náà, kò fi bẹ́ẹ̀ yára jù wá lọ.

"Ó kù bíi wákàtí kan àbọ̀ kí ó wọ̀," ni Kọ́lá wí. "Ẹ jẹ́ kí á sáré."

N kò lè sọ púpọ̀ nípa ìlú náà lọ́jọ́ yẹn. Mo rí odò ńlá kan àti afárá, mo rí òkè tó dé fìlà yìnyín, ìmọ́lẹ̀ pupa sì wà ní orí rẹ̀ nìkan. Òtútù náà ń wọ egungun ẹ̀yìn. Orí òkè yẹn ni mo tẹjú mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ ń dín kù.

Nínú ilé, Ṣadé kúnlẹ̀ kí mi pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, mo sì ní kí ó dìde kíá. Ọkùnrin arúgbó kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ ẹ̀wù òtútù, ó ti dè é dé ọrùn. Bàbá Adéoyè nìyẹn, ará Ìjẹ̀bú, tó ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́ kan lálẹ́.

"Ìyá Kọ́lá, ẹ kú ewu. Ẹsẹ̀ mi kan ti wà níta o," ló wí.

"Ẹ dákun, ẹ fa ẹsẹ̀ náà wọlé, Bàbá. Ṣé oòrùn ti wọ̀?"

Ó tẹ̀ síwájú fèrèsé, ó wò. "Ó kù bí èékánná."

"Ó tó."

Kò bọ́ ẹ̀wù òtútù náà. Ó fi iyọ̀ àti oyin tọ́ ọmọ lẹ́nu, ó wọ́n omi sí i, ó gbàdúrà pẹ̀lú ìyára ẹni tí bọ́ọ̀sì ń dúró dè. Lẹ́yìn náà ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́. Ó gbóná bí iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ láàárín eérú. Mo tẹ ẹnu mọ́ etí rẹ̀, mo sọ fún un ohun tí mo gbé láti Ẹ̀gbẹ́dá. Ó yí orí. Mo gbójú sókè, mo sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́:

"Ilésanmí."

Ṣadé ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ilé sàn mí, ní Vancouver? Mọ́mì, bàbá wa ń bá ẹnìkan wí o." Kọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ dúró níwájú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Bàbá Adéoyè, tó ti fẹ́ lọ, jókòó pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù rẹ̀.

"Ilésanmí," ló wí. "Èmi ti lo ọdún méjìlélógún níbí." Ó sì pẹ́ síṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ wọn, nígbà tí aago ọwọ́ mi sọ pé ilẹ̀ ti mọ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá, a tẹ ilé Alhaja láago. Wọ́n ti gbé Bàbá Kọ́lá lọ síbẹ̀ láti ìdájí.

"Ṣé o bá a?" ló kọ́kọ́ bèèrè.

"Mo bá a. Mo sọ ọ́ sí i létí."

"Nígbà wo?"

"Lónìí."

"Ọjọ́ Ẹtì ni òní."

"Ọjọ́bọ̀ ni níbí, Bàbá Kọ́lá."

Ó rò ó. Mo ń gbọ́ Alhaja tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: "Ẹ bi í, ṣé ọmọ jọ yín?"

"Nítorí náà o bá mi dá ọjọ́ dúró," ni ọkọ mi wí. Ọ̀rọ̀ kò rọrùn fún un láti sọ lẹ́ẹ̀kan náà. "Gbé e sún mọ́ fóònù."

Kọ́lá ló gbé e. Ó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí ẹnu ọmọ, ó ní, "Ilésanmí, kí bàbá." Ọmọ náà sì figbe ta.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí nílé, ẹ̀yin ọmọ mi tí mo kọ́ ní Ìpájà àti Ẹ̀gbẹ́dá, tí púpọ̀ nínú yín ti wà lójú ọ̀nà jíjìn báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ ọgbọ́n lára èyí. Ẹ di aago ilé mú, kí ẹ lè mọ ẹni tó ń retí yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé ọjọ́ ti kọjá, ẹ kọ́kọ́ wo ojú fèrèsé, bóyá oòrùn ṣì wà níbẹ̀.